Ọwọ́ Tó Ń Tọ́jú Eku

Kí kíndìnrín alátọ̀gbẹ tó figbe ta, ó ti bàjẹ́ jìnnà. Ìdí nìyí tí mo fi mọ rírì àwọn tó ń fi eku tọpasẹ̀ àrùn kíndìnrín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Láti àdúgbò wa ní Ìfàkò-Ìjàyè dé LASUCOM, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn tó wà ní Ìkẹjà, kò jìnnà. Ibẹ̀ ni àwọn olùwádìí Adeneye àti Benebo ti fi eku wò ó bóyá ẹ̀yìn olobe, ewé tí ẹlẹ́wé ọmọ ń tà, lè gba kíndìnrín lọ́wọ́ ìpalára oògùn gentamicin àti parasitámọ̀. Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 2008.

Ìwádìí ti àtọ̀gbẹ tún gba sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń ṣe é á gún eku ní abẹ́rẹ́ streptozotocin, tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlínì. Bí sẹ́ẹ̀lì yẹn ṣe ń kú, ínsúlínì inú rẹ̀ á tú jáde, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì. Ẹni tó mọṣẹ́ á ti gbé omi ṣúgà sínú kéèjì kí eku má bàa kú mọ́jú. Lẹ́yìn náà ni ṣúgà á wá ròkè. Eku á máa mumi, á máa tọ̀ ṣáá, ibùsùn rẹ̀ á rin gbingbin. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀, títí kan ọjọ́ Àìkú. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lè kọjá kí purotéènì tó hàn dáadáa nínú ìtọ̀. Mo kí wọn kú iṣẹ́ gan-an ni!

Eku kì í ṣe ènìyàn, ká sòótọ́. Àbùdá APOL1, tí oríṣi rẹ̀ tó ń ṣe kíndìnrín ní jàǹbá wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá, eku kò ní in rárá. Àfìgbà tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi oríṣi yẹn ti ènìyàn sí eku lára, nínú iṣẹ́ tó jáde ní 2017, ni wọ́n tó rí i tí kíndìnrín rẹ̀ ń bàjẹ́.