Yíyan Ìwé Kíkà àti Kíkọ Ọ́ Sílẹ̀

Kò sí olùkọ́ kan láàrin wa tí kò ní ìwé orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ní òròòwúrọ̀ ni a ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó wá a jẹ́ ìpè, ẹni tí kò wá a di ẹni tí a ń béèrè. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé tí a ń kà, tí í ṣe olùkọ́ fún àwa olùkọ́, ẹni mélòó nínú wa ni ó lè pè wọ́n lórúkọ, kí wọ́n sì jẹ́ ìpè? Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, a kò sì ní bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹlòmíràn. Láti ara àwa fúnra wa ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà tí a ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ni a ti ní ìwé pélébé kan tí a ń kọ orúkọ gbogbo ìwé tí a bá kà sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí a parí rẹ̀. Inú wa a máa dùn sí i púpọ̀. Nígbà tí ọdún bá fẹ́ parí, a ó ka iye wọn, bí wọ́n bá sì ju ti èṣí lọ, a ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ní ọjọ́ kan, ọmọ ilé-ìwé kan tí ó fẹ́ràn ìwé tọ̀ wá wá láti yá ohun tí yóò kà ní àkókò ìsinmi. A gbé ìwé pélébé náà fún un pé kí ó yan èyí tí ó bá wù ú. Ó fi ìka tọ́ka sí orúkọ kan, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ìwé yìí ń sọ?" A wò ó, a tún un wò. Ìkọ̀wé ọwọ́ wa ni. Ọjọ́ tí a parí rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni pé a kò rí ìwé náà rí ni. A ní kí ó mú òmíràn. Ó tọ́ka sí èkejì, bákan náà ni ó rí. Ìbéèrè tí Fílípì bi ìwẹ̀fà ará Etiópíà nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni ọmọ yìí bi wá láìmọ̀, ìtìjú ọjọ́ náà kò sì tíì tán lára wa.

Nígbà tí ó lọ tán, a jókòó ti àkójọ náà gẹ́gẹ́ bí onídàájọ́, a sì rí ẹ̀bi méjì níbẹ̀. Èkínní ni pé iye ni a ń kó jọ, kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó ń ka ìwé nítorí kí ó lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ dà bí èrò ọkọ̀ ojú irin tí ó sùn láti Èkó dé Ìbàdàn, tí ó wá ń ròyìn Abẹ́òkúta fún ará ilé rẹ̀.

Èkejì dùn wá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìwé 31 tí a kà ní ọdún kan, 3 péré ni ó jẹ́ ti èdè Yorùbá, 2 nínú wọn sì jẹ́ èyí tí iṣẹ́ ìsìn fi dandan mú wa kà. Àwa kan náà ni a sì ń bá àwọn ọmọ wí pé wọn kò náání èdè ìyá wọn! Bí kò bá ṣe pé a kọ wọ́n sílẹ̀ ni, a kì bá tí mọ̀. Nítorí náà a kò lè sọ pé àkójọ orúkọ kò wúlò, dígí ni. Ṣùgbọ́n dígí a máa fi ìdọ̀tí ojú han ènìyàn, kò lè wẹ ojú náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ṣe ń yan ìwé pẹ̀lú. Àwọn kan wà tí ìdánwò ni ó ń yan ìwé fún wọn. Ọjọ́ tí ìdánwò bá parí ni ìwé náà kú. Àwọn mìíràn ń tẹ̀ lé ariwo ọjà: ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni àwọn náà yóò kà, kí ẹnu wọn má bàa wọ́lẹ̀ láàrin ẹgbẹ́. Àwa oníwàásù ní àṣìṣe tiwa, bóyá òun ni ó sì burú jù: a ń wọ inú ìwé bí ẹni wọ oko olóko, láti já èso kan tí a ó fi ṣe àpèjúwe ní ọjọ́ Ìsinmi, a sì ti sá jáde kí olóko tó sọ ohun tí ó ní í sọ. Ọ̀nà tí àwa ti rí èrè jù ni kí ìwé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà yan èyí tí yóò tẹ̀ lé e. Ìwé rere a máa fi ìbéèrè kan sílẹ̀ lọ́kàn ẹni. Kí a wá ìwé mìíràn tí yóò dá ìbéèrè náà lóhùn, tàbí tí yóò bá a jiyàn.

Àpẹẹrẹ kan nìyí. Púpọ̀ nínú wa ni ó mọ Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́, ìwé tí John Bunyan tẹ̀ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1678, tí àlùfáà David Hinderer, míṣọ́nnárì ìlú Ìbàdàn, sì túmọ̀ sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nígbà tí a kà á lẹ́ẹ̀kejì, ìbéèrè kan kò fi wá lọ́rùn sílẹ̀: Èrò náà fi aya àti ọmọ sílẹ̀, ó lọ, kò sì padà, báwo ni ti àwọn tí ó kù nílé? Bunyan pàápàá mọ ìwúwo ìbéèrè yìí, nítorí ní ọdún 1684 ó tẹ apá kejì jáde, níbi tí aya àti àwọn ọmọ náà ti mú ọ̀nà pọ̀n.

Ìbéèrè yìí ni ó lé wa padà sí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé D. O. Fágúnwà, tí òun náà jẹ́ olùkọ́, èyí tí C.M.S. tẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Nítorí ìdánwò ni a fi kà á nígbà èwe wa, a sì rò pé iwin àti ìjà nìkan ni ó wà níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí a rí i pé ìrìn àjò ni òun náà, ṣùgbọ́n ìrìn àjò tí ó ní àbọ̀. Ọba rán Àkàrà-ògùn àti àwọn akọni ẹgbẹ́ rẹ̀ sí Òkè Láńgbòdó nítorí ire ìlú. Wọ́n gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Ìrágbèje, àwọn tí ó padà sì mú un wá sílé. Bunyan kọ́ wa pé ọkàn kọ̀ọ̀kan ni yóò jíhìn fún ara rẹ̀. Fágúnwà kọ́ wa pé ẹni tí ó rí ọgbọ́n ní ọ̀nà jíjìn jẹ ìlú rẹ̀ ní gbèsè. Ọ̀nà inú ìwé Bunyan tọ́ jù, kì í yà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ní ti Fágúnwà, ẹ̀kọ́ Ìrágbèje gùn lójú wa ju bí ìtàn náà ti lè gbé lọ. Síbẹ̀ bí a kò bá ka méjèèjì tẹ̀ léra, ìdajì ọ̀rọ̀ ni ìbá yé wa.

Ẹ kíyèsí bí ìtàn Fágúnwà náà ti bẹ̀rẹ̀: arúgbó ọdẹ tọ ẹnìkan wá pé kí ó mú ohun ìkọ̀wé, kí ó kọ ìtàn òun sílẹ̀, kí ó má bàa bá òun kú. Kíkọ sílẹ̀ ni ó ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ikú. Ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, Photius, ẹni tí ó jẹ́ olórí ìjọ ní ìlú Constantinople, kọ ìròyìn nǹkan bí 280 ìwé tí ó ti kà fún Tarasius arákùnrin rẹ̀. Kì í ṣe orúkọ nìkan ni ó kọ: ó sọ ohun tí ó wà nínú wọn, ó sọ bí òǹkọ̀wé ti lo èdè, ó sì sọ ibi tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé náà ti ṣègbé. Nípa àwọn mìíràn nínú wọn, ohun tí Photius kọ ni ó kù fún wa. Nílé níhìn-ín, àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní ọdún 1897. A fi í ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba, ó sì sọnù síbẹ̀. Òǹkọ̀wé kú ní ọdún 1901. Ṣùgbọ́n àwọn àkọsílẹ̀ tí ó fi ṣe iṣẹ́ náà wà nílé. Láti inú wọn ni Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò rẹ̀, ti tún ìwé náà kọ, ó sì jáde ní ọdún 1921. Arákùnrin ni Photius kọ tirẹ̀ fún, arákùnrin ni ti Johnson sì bọ́ sí lọ́wọ́. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Òǹkàwé tí ó kàwé tí kò fi nǹkan sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn, àjẹìwẹ̀yìn ni òun náà jẹ.

Nísinsìnyí a ti yí ìwà padà. Ojú ewé kan ni a yàn fún ìwé kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn orúkọ ìwé àti ti òǹkọ̀wé, a ń kọ ohun mẹ́rin: ìdí tí a fi mú un, ohun tí ó sọ, ní ọ̀rọ̀ tiwa, tí kò ju ìlà márùn-ún lọ, ibi tí àwa àti òun kò ti fohùn ṣọ̀kan, àti ìbéèrè tí ó fi sílẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ni orúkọ ẹni tí a bá yá a fún, nítorí ìwé tí a yá ènìyàn láìkọ sílẹ̀ ti sọ ọ̀rẹ́ púpọ̀ di ọ̀tá. Iye ìwé wa ti dínkù: 14 ni a kà ní èṣí, ṣùgbọ́n 6 nínú wọn jẹ́ ti Yorùbá, bí ẹnìkan bá sì pe èyíkéyìí nínú wọn, yóò jẹ́ ìpè.

Ẹnìkan lè wí pé irú ìṣirò báyìí yóò ba adùn ìwé jẹ́. Òdodo díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú pẹ́ńsù lọ́wọ́ nígbà tí ìtàn bá ń dùn. Kí ó kà á tán ná, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí ó tó kọ ohunkóhun. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò sì rí ohun kan sọ, kí ó kọ bẹ́ẹ̀ láìtijú: ó lè jẹ́ ẹ̀bi ìwé, ó sì lè jẹ́ ẹ̀bi òun.

Ọmọ tí ó dójú tì wá ní ọjọ́sí tún padà wá. A yá a ní Ògbójú Ọdẹ, a sì fi ojú ewé tiwa hàn án. Nígbà tí ó dá ìwé náà padà, ó mú ojú ewé tirẹ̀ wá. Níbi tí àwa ti kọ pé ẹ̀kọ́ Ìrágbèje gùn jù, òun kọ ọ́ pé ibẹ̀ gan-an ni bàbá òun, tí kò mọ̀wé, ní kí òun kà fún òun lẹ́ẹ̀mejì. A ronú sí i títí. A kò pa tiwa rẹ́; a da tirẹ̀ kọ sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹni tí yóò yá ìwé náà lẹ́yìn rẹ̀ lè rí méjèèjì.