Àwọn Tó Ń Wá Ṣájà fún Géèmù Àtijọ́ ní Monrovia

Mo mọyì àwọn oníṣẹ́ tó lè rí ṣájà tó bá géèmù àtijọ́ láti Japan mu ní Monrovia, olú ìlú Làìbéríà. Ìlú náà fúnra rẹ̀ ló mú kí iṣẹ́ yìí le. Bíi ti Amẹ́ríkà, fóltì 120 ni iná Làìbéríà látijọ́. Ogun abẹ́lé ba ibùdó iná Mount Coffee jẹ́ ní 1990, kò sì tún ṣiṣẹ́ títí di ìparí 2016. Fóltì 220 ló gbòde báyìí, ṣùgbọ́n 120 kò tíì tán nílẹ̀. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ tó dáńtọ́ fi ń kọ́kọ́ bèèrè irú iná tó wà nílé oníbàárà.

Ẹ wo Famicom, ẹ̀rọ géèmù tí Nintendo gbé jáde ní Japan ní 1983. DC fóltì 10, milliamp 850, ni ṣájà rẹ̀ ń gbé jáde, nẹ́gétíìfù sì wà láàárín ẹnu rẹ̀, òdìkejì ti ọ̀pọ̀ ṣájà òde òní. Ṣájà NES, ẹ̀rọ géèmù Nintendo ti Amẹ́ríkà, wọ ihò kan náà, àmọ́ AC ló ń gbé jáde. Ó lè ba Famicom jẹ́ pátápátá. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í gbà pé ṣájà bá ẹ̀rọ mu kìkì torí pé ẹnu rẹ̀ wọlé. Á ka àkọlé ẹ̀yìn ṣájà, á sì fi mítà wọ̀n ọ́n. Bí ámpù tó wà lára ṣájà bá ju ti ẹ̀rọ lọ, kò léwu, ohun tí ẹ̀rọ nílò nìkan ló ń fà.

Ṣájà ẹ̀rọ géèmù Sega Genesis àkọ́kọ́ sábà máa ń bá Famicom mu. Ti Amẹ́ríkà ni, nítorí náà, nínú ilé oníná 220, tiransifọ́mà gbọ́dọ̀ wà láàárín òun àti ògiri.