Olùkọ́ Tó Ń Sọ Ìwé Di Ohun Ìfọwọ́kà

Bí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran bá ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a kì í sábà kí kú iṣẹ́: olùkọ́ tó ń bá a kọ ìwé sí Braille. Irú wọn ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, èyí tó wà ní Ọ̀yọ́, ń kọ́.

Ẹ wo ọwọ́ olùkọ́ náà. Ó ki bébà líle sáàárín irin oníhò, ó ń fi irin ṣóńṣó gún un láti ọ̀tún sí òsì, torí ẹ̀yìn bébà ni kókó ti ń yọ. Bó bá yí i padà, ìka á kà á láti òsì sí ọ̀tún. Ọkàn rẹ̀ ti yí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan padà kí ọwọ́ tó gún un. Kókó mẹ́fà péré ni Louis Braille fi to gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ ẹni bá ṣì í gún, ọ̀rọ̀ dàrú nìyẹn.

Ti ìṣirò ló wú mi lórí jù. Àlàyé ẹnu nìkan kò tó fún onígun mẹ́ta, nítorí náà á fi gọ́ọ̀mù lẹ òwú mọ́ páálí, kí ọmọ náà lè fọwọ́ tọ igun kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá fi Braille dáhùn, òun náà ni yóò fi bírò kọ ìtumọ̀ sórí ìlà kọ̀ọ̀kan, kí olùkọ́ ìṣirò lè rí i máàkì.