Egbé, Kánàkò àti Ọ̀nà Jíjìn

Egbé kì í ṣe kánàkò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òǹkọ̀wé wa ti sọ àwọn méjèèjì di ọ̀kan. Kánàkò a máa ká ọ̀nà kò: ẹni tí ó ní in ṣì ń fi ẹsẹ̀ rìn, ilẹ̀ ni ó ń kúrú fún un. Egbé kò bá ọ̀nà ṣe rárá; ó gbé olúwa rẹ̀ kúrò níhìn-ín, ó sì gbé e kalẹ̀ lọ́hùn-ún. Ti àféèrí tún yàtọ̀, nítorí ẹni tí ó lò ó kò kúrò lójú kan, ojú àwọn ènìyàn ni kò rí i mọ́. Nínú gbogbo wọn, egbé ni ó le jù fún ẹni tí ń pìtàn. Akọni tí ó ní egbé kò ní ìdí láti pẹ́ nínú ewu. Bí kò bá sì sí nínú ewu, kí ni àwa òǹkàwé ń dúró dè?

Ẹ wo Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938. Bàbá Àkàràògùn jẹ́ ọdẹ àti ògbóǹtarìgì olóògùn, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ àjẹ́. Ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàìmọ egbé. Síbẹ̀, nígbà tí ọba rán òun àti àwọn akọni mẹ́fà mìíràn lọ sí Òkè Lángbòdó, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn. Ká ní wọ́n fò débẹ̀ ni, a kò bá má rí ìyàwó Kàkó tí ó rọ̀ mọ́ ọkọ rẹ̀ pé kò ní lọ, tí ọkọ náà sì pa á. A kò bá má sì mọ irú ènìyàn tí Kàkó jẹ́. A kò bá má dé ìlú àwọn ẹyẹ. Ìtàn fi yé wa pé a ti gbé Ìmọ̀dòye rí: àjà gbé e lọ ní kékeré, ọdún méje ni ó sì fi wà níbẹ̀, tí ó ń jẹ ẹyọ ataare kan lójúmọ́. Fágúnwà kò jẹ́ kí a gbé ẹnikẹ́ni lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí Wálé Ògúnyẹmí sọ ìrìn-àjò náà di eré orí ìtàgé, Langbodo, tí Nàìjíríà gbé kalẹ̀ ní FESTAC 1977, ìrìn náà ṣì ni òpó eré.

Ìtàn ìṣẹ̀dá tí a ń pa ní Ilé-Ifẹ̀ ti gba ọ̀nà yìí kí a tó bí Fágúnwà. Ẹ̀wọ̀n ni àwọn òrìṣà fi rọ̀ sí ayé. Ta ni yóò sọ pé Olódùmarè kò lágbára láti gbé Ọbàtálá kalẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan? Nítorí pé ọ̀nà wà ni ẹmu fi wà lójú ọ̀nà. Ẹmu ni ó mú Ọbàtálá sùn, tí Odùduwà fi rí iṣẹ́ náà gbà ṣe, tí adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún fi tan ilẹ̀. Aáwọ̀ tí ọdún Ìtàpá ṣì ń rán wa létí ní Ifẹ̀ títí di òní, ojú ọ̀nà náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn òyìnbó pàdé ìṣòro kan náà nídìí tábìlì. Ní 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé eré kan jáde tí wọ́n pè ní Dungeons & Dragons. Ẹnì kan ń darí ìtàn, àwọn yòókù ń sọ ohun tí akọni wọn ṣe, dáìsì sì ń pinnu ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Idán kan wà níbẹ̀ tí ó jọ egbé gan-an. Òfin àkọ́kọ́ wọn le: ẹni tí kò bá mọ ibi tí ó ń lọ dájú, nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà, bí 75 ni yóò kú. Ẹ̀dà ti 2014 rọ òfin náà. Ẹni tí ó bá ṣì í lè farapa, tàbí kí ó já sí ibòmíràn. Ti àkọ́kọ́ wù mí jù, nítorí pé ó fi ìmọ̀ ṣe owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kò tó èèwọ̀. Dáìsì kò mọ ìwà ènìyàn, èèwọ̀ mọ̀ ọ́n. Oògùn tí ó ní kí olúwa rẹ̀ má ṣe jẹ nǹkan kan, tàbí kí ó má ṣe irú ìwà kan, ti fi ìṣubú akọni sí ọwọ́ akọni fúnra rẹ̀, èyí sì ni ìtàn ń wá.

Àwọn fíìmù fídíò wa ni ó sọ gbogbo èyí nù. Òṣèré yóò pọfọ̀ méjì, a ó dá kámẹ́rà dúró, yóò kúrò níbẹ̀, a ó sì tún tan kámẹ́rà: ọgbọ́n tí Georges Méliès ti ń dá ní ilẹ̀ Faransé ní 1896. Ọgbọ́n náà kò burú. Hubert Ògúndé fi irú idán kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà wá nínú Ayé ní 1979. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni pé akọni tí egbé gbé kúrò lọ́wọ́ ọlọ́pàá lánàá ni àwọn ọmọ ìta mú so mọ́ igi lónìí, tí kò sì rántí egbé rẹ̀ mọ́. Òǹkọ̀wé ni ó gbàgbé, kì í ṣe akọni.

Ní ìlú tí ogun Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ti jà láti 1997 títí di 2000, ọ̀rọ̀ yìí ju eré lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tí a sin nígbà náà, kò sí egbé tí ó gbé wọn. Ọmọ tí ó ń wo fíìmù níbi tí oògùn kì í ti í já, tí kì í sì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, irọ́ ni a ń pa fún un.

Èmi kò ní kí a yọ egbé kúrò. Bí àwọn ọ̀dọ́ Ifẹ̀ bá fẹ́ ṣe irú eré orí tábìlì bẹ́ẹ̀ ní èdè wa, kí wọ́n fún akọni ní egbé, kí ó sì jẹ́ ojúlówó. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí pé, bí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà, olúwa rẹ̀ nìkan ni egbé ń gbé. Méje ni àwọn tí ń lọ sí Lángbòdó. Bí iwin bá ká wọn mọ́ nínú igbó, tí Àkàràògùn sì fẹ́ pe egbé rẹ̀, àwọn mẹ́fà yòókù ńkọ́?