Kì Í Ṣe Nítorí Afẹ́fẹ́: Àmì Tí Ó Ń Bẹ Lára Píìnì Kílíìtì

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Akẹ́kọ̀ọ́jinlẹ̀ kan tí a jọ ń kọ̀wé nípa ìmúra àwọn ènìyàn àgbáyé ti fi ìdánilójú sọ, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe lẹ́ẹ̀mejì, pé píìnì tí àwọn ará Skọ́tílándì ń fi há etí kílíìtì wọn kò ju irin tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ká aṣọ lọ sókè lọ. Pé Ọbabìnrin Victoria ni ó yọ píìnì kan lára aṣọ tirẹ̀ ní Balmoral, tí ó fi fún ọmọ ogun kan tí ìjì ń bá aṣọ rẹ̀ jà. Àti pé nítorí náà, àgbélébùú, ọkàn tàbí orí ẹranko tí a bá rí lára píìnì náà, ẹ̀tàn àwọn oníṣòwò lásán ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa gbọ́ ọ, wọ́n sì ń mi orí. Èmi kò lè bá wọn mi orí.

Aṣọ irun àgùntàn ni kílíìtì, wọ́n sì ń ró o mọ́ ìbàdí bí àwọn ìyá wa ti ń ró ìró. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni pílíìtì wà, iwájú rẹ̀ sì tẹ́jú, níbi tí etí aṣọ méjì ti gun ara wọn. Igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, lára etí aṣọ tí ó wà lókè, ni píìnì máa ń wà. Ẹni tí ó bá sì mọ aṣọ yìí í wọ̀ kì í jẹ́ kí píìnì náà kan etí aṣọ ti abẹ́, nítorí pé ọjọ́ tí ó bá há méjèèjì pọ̀, tí ó sì yan tàbí tí ó kúnlẹ̀, aṣọ yóò ya. Níbo wá ni afẹ́fẹ́ tí píìnì náà ń mú wà? Ohun tí kò so nǹkan kan mọ́ nǹkan kan, tí àwọn ènìyàn kò sì yé fi sára, ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ. Ní ti ìtàn Victoria, ìtàn ẹnu dé ẹnu ni, ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n a kì í fi adùn ìtàn ṣe ẹ̀rí.

Èjìká ni píìnì ti sọ̀ kalẹ̀ wá. Kí kílíìtì kúkúrú tó dé, aṣọ ńlá kan ni àwọn ará òkè Skọ́tílándì ń fi ìgbànú gbà níbàdí, wọn a sì fi píìnì de èyí tí ó kù mọ́ èjìká. Òfin ọdún 1746 ka ìmúra náà léèwọ̀ fún gbogbo ọkùnrin tí kì í ṣe ọmọ ogun, a kò sì pa òfin náà rẹ́ títí di ọdún 1782. Nígbà tí Walter Scott sì ṣètò àbẹ̀wò Ọba George Kẹrin sí Edinburgh ní 1822, aṣọ tí a ti fi òfin tẹ̀ rì padà wá di aṣọ ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè, kò sì sí ohun kan lára rẹ̀ tí ó tún yadi mọ́. Orí akọ màlúù tí ọmọ ìdílé MacLeod ń fi sára, ìgbànú tí a yà yí i ká ń wí pé ọmọ ẹ̀yìn olórí ìdílé ni ẹni tí ó wọ̀ ọ́, kì í ṣe olórí fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọkàn fàdákà tí wọ́n ń pè ní Luckenbooth. Orúkọ ìsọ̀ ni: ìsọ̀ tí a ń fi àgádágodo tì, tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì St Giles ní Edinburgh, tí wọ́n wó ní 1817, níbi tí àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà ti ń pa ọwọ́ pọ̀ ṣòwò. Ọkàn kan ni, tàbí méjì tí ó lọ́ mọ́ra, adé sì sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin a rà á fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà bá sì bímọ, òun kan náà ni yóò fi há aṣọ ìkókó, kí iwin má baà jí ọmọ gbé, kí ojú burúkú má sì rí i. Wọ́n gbàgbọ́ pé kì í jẹ́ kí omi ọyàn ìyá gbẹ. Àwọn mìíràn nínú wọn, ìdí ọkàn náà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni pé ó fẹ́ yí ojú padà. Ọkàn àjẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó bá ti rí ṣaworo lẹ́sẹ̀ àbíkú kò ní bi mí pé kí ni irin kékeré lè ṣe fún ọmọ. Lónìí wọ́n ti ń rọ ọkàn yìí sórí píìnì kílíìtì. Ọjà ni wọ́n ti ń rà á láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà kí akẹ́kọ̀ọ́jinlẹ̀ wa má fi ọ̀rọ̀ oníṣòwò dẹ́rù bà wá: rírà tí a ra ohun kan kò sọ ọ́ di òfìfo.

Ṣùgbọ́n àtakò kejì wà tí ó wúwo ju ti afẹ́fẹ́ lọ, òun ni mo sì fẹ́ dúró lé báyìí. Àwọn kan ní àgbélébùú kò yẹ ní itan, pé àyà tàbí ọrùn ni ipò rẹ̀. Kí ẹni tí ó wí bẹ́ẹ̀ wo iṣẹ́ Alexander Ritchie àti Euphemia aya rẹ̀, àwọn méjì tí àwọn òǹkọ̀wé wa ń fò dá bí ẹni fo gọ́tà. Ẹnjiníà ọkọ̀ ojú omi ni Alexander kí ó tó fara pa. Ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà Glasgow ni òun àti Euphemia ti pàdé. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní 1898, wọ́n sì lọ tẹ̀dó sí Iona, erékùṣù Columba, ẹni mímọ́ tí ó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 563. Nínú ọgbà àwókù ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ni wọ́n ti ń ta píìnì ẹ̀ṣọ́ fàdákà. Wọn kò jókòó sílé ronú àwòrán wọn. Ara òkúta ni wọ́n ti wò ó: okùn tí ó ń lọ́ mọ́ ara rẹ̀ láìlópin, ọkọ̀ ojú omi onígbòkun tí ó wà lára òkúta ibojì àwọn ìjòyè, àti àgbélébùú.

Ní Iona, àgbélébùú St Martin ṣì dúró níwájú ilé àwọn ọkùnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ títí di òní, láti bí ẹgbẹ̀fà ọdún sẹ́yìn. Lójú kan rẹ̀, Màríà gbé Jésù mọ́ra, Dáníẹ́lì sì wà láàárín kìnnìún. Lójú kejì, ejò ń lọ́ yí àwọn kókó òkúta rogodo ká, ejò tí ń bọ́ awọ tí kì í kú, tí àwọn onígbàgbọ́ ìgbà náà fi ń pa òwe àjíǹde. Nínú koríko ni ìdí rẹ̀ wà, nínú òjò àti ìjì òkun. Àwọn tí ó gbẹ́ ẹ kò fi pamọ́ sí ibi gíga, wọ́n gbé e sí ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ ènìyàn. Àgbélébùú tí ó lè dúró nínú koríko kò lè rí àbùkù ní itan ẹni tí ń rìn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá bá irú píìnì bẹ́ẹ̀ pàdé nínú àpótí àgbà kan, ẹ yí i padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí AR, tí Iona sì tẹ̀ lé e, iṣẹ́ tọkọtaya Ritchie ni. Oṣù kan náà ni àwọn méjèèjì kú, January 1941, ọjọ́ díẹ̀ ni ó sì wà láàárín ikú wọn.