Àdàpè Ọ̀rọ̀ nínú Eré Cartel

Eré tí mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí kì í ṣe ti orí ìtàgé, kì í sì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. Ìdí tábìlì ni wọ́n ti ń ṣe é: kálukú á mú ẹ̀dá-ìtàn kan, wọ́n á máa fẹnu sọ ìtàn, wọ́n á sì máa ju dáìsì bíi ti lúdò. Cartel ni orúkọ rẹ̀. Mark Diaz Truman ló kọ ọ́. Ìlú Durango ní Mẹ́síkò ni ìtàn rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, láàárín àwọn tó ń ṣòwò oògùn olóró.

Ẹ̀dá-ìtàn méje ló wà níbẹ̀. El Narco ni oníṣòwò náà, La Esposa ni ìyàwó, La Sicaria sì ni obìnrin tí wọ́n ń háyà láti pànìyàn. El Cocinero, ìyẹn alásè, ló ń se oògùn. El Halcón, ìyẹn àṣá, ni ọmọ tó ń ṣọ́ títì fún wọn. La Rata, eku, ni atúàṣírí. La Polizeta ni ọlọ́pàá tó ń jẹun lábẹ́ wọn: wọ́n pa "policía" pọ̀ mọ́ "Zeta", orúkọ ẹgbẹ́ tí àwọn sójà tó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ dá sílẹ̀.

Àdàpè olè ni "ọmọ ń fẹ́wọ́", àbí? Ta ni kò fẹ́ràn alásè? Ọmọ tí wọ́n bá sì pè ní àṣá á rò pé òun ń fò ni.

Ohun tó wù mí ni pé òfin eré náà ń já àdàpè yìí. Dáìsì méjì là ń jù. Bó bá jẹ́ 10 sókè, ó ti bọ́ sí i. Bó bá jẹ́ 7 sí 9, a ó rí ohun tí à ń wá, ṣùgbọ́n a ó san nǹkan kan. 6 wálẹ̀, wàhálà dé. Bí kò bá sí àfikún, ẹ̀ẹ̀mẹfà péré nínú 36 la lè rí 10 sókè. Alásè á rówó lóòótọ́, àmọ́ ilé rẹ̀ á máa jó.

Àbùkù kan wà ṣá. Ní 2022, àwọn tí ìjọba Mẹ́síkò kọ sílẹ̀ pé a ò rí mọ́ ti lé ní 100,000. Àwọn ìyá ń fi ṣọ́bìrì gbẹ́lẹ̀ wá egungun ọmọ wọn. Ìyá bẹ́ẹ̀ kò sí lára àwọn méje yẹn. La Esposa sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n òun náà ṣì ń jẹ nínú òwò náà.

Eré tó dáa ni. Bí ẹ bá máa ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyá náà ṣe ìkẹjọ.