Ọ̀nà Atẹ́gùn Nínú Aṣọ

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gbé kilt wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Asese, nínú oṣù kẹta, nígbà tí òjò kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí iná ọba sì ti lọ láti ìjẹta. Ó ti gbé ní Glasgow fún ọdún mélòó kan. Àbúrò rẹ̀ fẹ́ gbéyàwó ní Abẹ́òkúta, ó sì fẹ́ fi aṣọ àwọn ará Scotland dá àrà lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ bá mi rán irú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n sè sínú ẹ̀ o."

Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Mo ti ń ránṣọ fún ọdún 24, irú rẹ̀ kò tíì kàn mí rí. Irun àgùntàn ni wọ́n fi hun ún, ó wúwo bí aṣọ òkè tí òjò pa. Ojúlówó rẹ̀ máa ń gba nǹkan bí ọ̀pá 8, nítorí pé pílíìtì ló kún gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀kan gun orí ọ̀kan, wọ́n sì rán an pa láti ìbàdí wálẹ̀ dé ìdí. Iwájú kò ní pílíìtì kankan. Etí kan bo èkejì mọ́lẹ̀ ni, gẹ́lẹ́ bí ìyá mi ṣe ń ró ìró. Ẹ̀rín pa mí. Ìró ọkùnrin nìyí!

Mo bi í pé níbo gan-an ni ooru ti ń mú un. Ó fọwọ́ kan ìbàdí, ó fọwọ́ kan ojúgun. Ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Láti orúnkún sókè, atẹ́gùn ń wọlé, ó ń jáde, kò sẹ́ni tó dí i lọ́nà. Ìbàdí ni ìyà wà, níbi tí aṣọ ti di ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí bẹ́líìtì awọ tún fún un pa. Ìbọ̀sẹ̀ onírun tó gùn dé orúnkún sì ń se ojúgun ní tirẹ̀.

Àwọn ènìyàn rò pé ẹni tí ooru ń mú, kí ó dín aṣọ kù ni. Èmi kò gbà. Ẹ wo kẹ̀ǹbẹ̀ ayé àtijọ́: aṣọ inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti rán ṣòkòtò ṣóóró mẹ́ta, síbẹ̀ ẹni tó wọ̀ ọ́ kì í làágùn tó ẹni tó kó ẹsẹ̀ sínú ṣóóró. Ìdí ni pé gbogbo ìgbà tó bá gbẹ́sẹ̀ ni aṣọ ń fẹ́ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Agbádá náà ń kọ́? Ọ̀pá mẹ́wàá lè lọ sí i pẹ̀lú bùbá àti ṣòkòtò rẹ̀. Ẹ̀yin rò pé fáàrí nìkan ni bàbá yín ń fi ká apá agbádá sí èjìká ní gbogbo ìṣẹ́jú? Ó ń fẹ́ ara rẹ̀ ni.

Lọ́dún 1980, àwọn onímọ̀ kan kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn Nature nípa àwọn Bedouin tó ń wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ dúdú nínú aṣálẹ̀ Sinai. Aṣọ dúdú ń fa oòrùn ju funfun lọ, ṣùgbọ́n ooru tó dé ara kò ju ti aláṣọ funfun, nítorí atẹ́gùn tó ń rìn láàárín aṣọ àti ara ti gbé àlékún náà lọ. Ẹ̀tọ́ ni kí àwọn tó ń wọ ẹtù gbọ́ èyí.

Aṣálẹ̀ gbẹ ṣá o, ọ̀dọ̀ wa kò gbẹ. Afẹ́fẹ́ ìhà Èkó ti mu omi yó, kò ráyè gba òógùn lára ẹni kíákíá. Ibẹ̀ ni òwú ti ń ṣiṣẹ́: ìdá 8 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ lè jẹ́ omi kí ọwọ́ má sì mọ̀ pé ó tutù. Ti pólíẹ́sítà kò pé ìdá kan. Òógùn á kàn máa ṣàn lábẹ́ rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá sì sọ fún yín lọ́jà pé òwú gidi ni, ẹ fa fọ́nrán kan yọ, kí ẹ ṣáná sí i. Òwú á jó bí bébà, á di eérú. Pólíẹ́sítà á yọ́, á ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba frídọ̀mù, mo rán agbádá lésì fún ọkọ ìyàwó kan, mo sì fi láínì pólíẹ́sítà tẹ́ gbogbo inú rẹ̀ kí ó lè dúró dáadáa. Ó dúró lóòótọ́. Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ dé, ọkùnrin náà ti bọ́ ọ sórí àga. Ó fowó ra lésì oníhò, èmi sì gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ láti dí ihò.

Fún kilt yìí, àdìrẹ ẹlẹ́kọ la lọ rà ní ọjà Ìtòkú, òwú ni látòkè délẹ̀. Mo dín in kù sí ọ̀pá 5. Aṣọ tó fara pamọ́ sẹ́yìn pílíìtì ní ìbàdí, mo gé e kúrò, mo sì fi òwú fẹ́lẹ́ gbè é. Wàhálà tó kù ni pé àdìrẹ kò wúwo. Atẹ́gùn lè gbé e sókè, kí ó dójú ti ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó láàárín àna. Mo ṣẹ́ etí rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ó sì rọ̀ wálẹ̀. Mo yọ bẹ́líìtì, mo fi okùn ṣòkòtò sí i, kí ó lè dẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn iyán. Mo ní kí ó gbàgbé ìbọ̀sẹ̀, kí ó wọ sálúbàtà.

Ó wọ̀ ọ́, ó jó títí ilẹ̀ fi ṣú. Èyí tó gbé wá láti Glasgow ṣì wà nínú àpò lẹ́yìn maṣíìnì mi. Kò tíì wá gbé e.